Ìtàn Brooklands, Ọ̀nà Ìje Mọ́tò ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú nyín li òní kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ogun, bí ogun tilẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ li ẹ̀rìnméjì. Ìtàn ọ̀nà kan ni. Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ńsọ yìí kò wọ ọjà kankan rárá. Yíyípo ni a là á bí òrùka, ẹnití ó bá sì gbéra ní ibì kan li orí rẹ̀ yóò tún padà sí ibi tí ó ti ṣí. Orúkọ rẹ̀ ni Brooklands, lẹ́bàá ìlú Weybridge, ní ẹkùn Surrey, níbití kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ọ̀nà àkọ́kọ́ nínú gbogbo aiyé tí a kọ́ láti ìpìlẹ̀ fún ìje mọ́tò, a sì ṣí i li ọdún 1907.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé, kí ni ó kàn wá nínú eré-ìje àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè? Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ ńlá kì í ṣe ti ẹnití ó dá a sílẹ̀ nìkan. Ọ̀kan a ná owó, ẹgbẹ̀rún a fi agbára ṣe é, aládùúgbò a gbọ́ ariwo rẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn a kú síbẹ̀, ẹnití kò sí níbẹ̀ rárá a sì wá jẹ èrè rẹ̀ tàbí kí ó pín nínú ìbànújẹ́ rẹ̀. Ìṣirò yìí ni a fẹ́ ṣe níwájú nyín: kí ni Brooklands gbà lọ́wọ́ ènìà, kí ni ó sì fi fún wọn? A ó sì rí i kí a tó parí pé ìtàn náà kò dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rìn títí ó fi dé Èkó.

Kí a tó lè mọ ìdí tí a fi kọ́ ọ̀nà náà, ó yẹ kí a mọ òfin tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì li àkókò náà. Li ọdún 1865, ìjọba ṣe òfin pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ńwà, tí ẹṣin kò fà, kò gbọdọ̀ rìn ju máìlì 4 ní wákàtí kan lọ ní ìgbèríko, kò sì gbọdọ̀ ju máìlì 2 lọ láàrin ìlú. Ẹnìkan sì níláti máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ níwájú ọkọ̀ náà, kí ó máa kìlọ̀ fún àwọn ènìà àti ẹlẹ́ṣin. Li ọdún 1896 a tú ìdè òfin yìí díẹ̀. Òfin ti ọdún 1903 sì gbà kí mọ́tò máa rìn tó máìlì 20 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorínáà ẹnití ó bá ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fẹ́ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò rí ibì kan tí ó lè dán an wò láìṣe arúfin.

Ní ilẹ̀ Faransé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ojú títì gbogbo ènìà ni nwọ́n ti ńsá eré-ìje, láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Li oṣù May ọdún 1903, a dá eré-ìje kan sílẹ̀ láti Paris dé Madrid. Àwọn òǹwòran dúró sí etí títì, ekuru bo ojú àwọn awakọ̀, ajá àti ọmọdé ńkọjá. Ọ̀pọ̀ ènìà kú, Marcel Renault sì wà nínú wọn, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí a fi orúkọ wọn pe mọ́tò Renault. Nígbàtí àwọn tí ó ṣẹ́kù fi dé Bordeaux, ìjọba pàṣẹ kí a dá eré náà dúró. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìà ti mọ̀ pé eré-sísá àti títì gbogbo ènìà kò lè máa gbé pọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Weybridge tí a ńpè ní Hugh Locke King. Ọlọ́rọ̀ ni, ilẹ̀ baba rẹ̀ sì pọ̀. Li ọdún 1905, òun àti aya rẹ̀, Ethel, lọ wo eré-ìje mọ́tò ní Brescia, ní ilẹ̀ Itálì. Ó wò yíká, kò rí mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó lè du ipò. Nígbàtí ó béèrè ìdí rẹ̀, nwọ́n sọ fún un pé àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ibi tí nwọ́n lè gbé dán ọkọ̀ wọn wò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó padà sí ilé, ó sì pinnu láti fi ilẹ̀ ara rẹ̀ àti owó ara rẹ̀ kọ́ ibẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1906 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gágun kan, Kánẹ́ẹ̀lì Holden, li ó ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀nà náà gùn tó máìlì 2 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ní yíyípo, ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ jùlọ ni pé a kò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ní ibi tí ó gbé yí. Ẹ wo ẹnití ó gun kẹ̀kẹ́: bí ó bá ńsáré tí ó sì fẹ́ yí kọ́nà, a fi ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorítí eré tí ó ńsá fẹ́ tì í sí ìta. Mọ́tò kò lè fi ara sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀; nítorínáà ọ̀nà fúnra rẹ̀ li a mú dagun, bí etí àwo, kí eré tí ó fẹ́ gbé ọkọ̀ jù sí ìta lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí ó ga jù, etí ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30 sókè. Ẹnití ó bá dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò rò pé ògiri li ó ńwò.

Ẹgbẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún alágbàṣe li ó ṣe iṣẹ́ náà. Nwọ́n gé igi, nwọ́n gbẹ́ òkè, nwọ́n yí ipa Odò Wey padà, nwọ́n fi afárá sọdá rẹ̀, nwọ́n sì po kọnkéré tẹ́ gbogbo rẹ̀. Láàrin oṣù mẹ́sàn-án péré, iṣẹ́ parí. Kò sí ẹnití ó kọ orúkọ àwọn alágbàṣe wọ̀nyí sí ara òkúta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ńbẹ níbẹ̀ títí di òní. Yíyára yìí sì ní ìpalára tirẹ̀. Ilẹ̀ tí nwọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ kò tíì dì dáradára kí a tó tẹ́ kọnkéré lé e. Ó ńrì díẹ̀díẹ̀, nínú gbogbo ìtàn Brooklands ni ọ̀nà náà sì rí gbágungbàgun. Li ọdọdún, ní ìgbà òtútù, nwọ́n níláti tún un ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a wo ẹnití ó san owó. Bí £150,000 li ó wọlé sínú iṣẹ́ yìí, èyí sì ju ohun tí Locke King rò li àkọ́kọ́ lọ púpọ̀púpọ̀. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Ethel, aya rẹ̀, li ó gba ìṣàkóso ọ̀ràn náà, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì ràn án lọ́wọ́, títí nwọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Ní ọjọ́ 17 oṣù June, ọdún 1907, nígbàtí a ṣí ọ̀nà náà, Ethel fúnra rẹ̀ li ó wa mọ́tò tí ó ṣáájú gbogbo ọ̀wọ́ ọkọ̀. Obìnrin yìí ni a fi oyè dá li ọlá li ọdún 1918, nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun tí ó gbọgbẹ́. Bí a bá ńdárúkọ ẹnití ó dá Brooklands sílẹ̀, kò tọ́ kí a dárúkọ ọkọ kí a sì gbàgbé aya.

Kí eré-ìje àkọ́kọ́ tó wáyé, ọkùnrin kan tí a ńpè ní S. F. Edge wí pé òun yóò wa mọ́tò Napier ní Brooklands fún wákàtí 24. Àwọn ènìà wí pé ara ẹ̀dá kò lè gbà á. Ní ọjọ́ 28 oṣù June, ọdún 1907, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbàtí ilẹ̀ ṣú, a tan fìtílà pupa sí etí ọ̀nà láti fi ibi tí yóò gbà hàn án. Nígbàtí ó di ọjọ́ kejì, ó ti rin máìlì 1,581, èyí tí ó jẹ́ bí máìlì 66 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ní títì gbogbo ènìà, máìlì 20 ni òfin gbà. Ní ọjọ́ 6 oṣù July, eré-ìje gidi bẹ̀rẹ̀. Nítorítí kò sí ẹnití ó ti ṣe irú nkan bẹ́ẹ̀ rí, àṣà ìje ẹṣin ni nwọ́n mú wá síbẹ̀: aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi ni àwọn awakọ̀ wọ̀, bí ti àwọn tí ńgun ẹṣin, kí òǹwòran lè dá wọn mọ̀. Kò pẹ́ tí nwọ́n fi rí i pé mọ́tò kì í ṣe ẹṣin, nwọ́n sì kọ nọ́ḿbà sí ara ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ ẹnití ńsáré kò dùn mọ́ ẹnití ńsùn. Àwọn ará Weybridge tí ilé wọn wà nítòsí kò rí orun sùn ní òru tí Edge ńyípo. Nwọ́n gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé-ẹjọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnití nwọ́n ńbá ṣe ẹjọ́ jẹ́ ọlọ́rọ̀ àti onílẹ̀ láàrin wọn. Òpin rẹ̀ ni pé a kò gba eré lóru mọ́ ní Brooklands. Li ẹ̀hìn ogun kìíní, nígbàtí ẹ̀hónú náà tún dìde, a fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpótí irin ńlá tí yóò máa pa ariwo ẹ́ńjìnì. Nígbàtí nwọ́n sì fẹ́ sá eré wákàtí 24 li ọdún 1929, ńṣe ni nwọ́n pín in sí ọjọ́ méjì, wákàtí 12 ní ọjọ́ kìíní, wákàtí 12 ní ọjọ́ kejì, tí a sì ti àwọn ọkọ̀ mọ́lé láàrin òru. A kà á sí ẹ̀kọ́ rere pé òfin gbọ́ ti ẹnití kò ní ohun méjì tí ó ńbéèrè ju orun lọ.

Owó àti orun nìkan kọ́ ni Brooklands gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ńjẹ́ Percy Lambert. Ní ọjọ́ 15 oṣù February, ọdún 1913, ó wa mọ́tò Talbot rin máìlì 103 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ láàrin wákàtí kan. Ẹnìkan kò rin máìlì 100 ní wákàtí kan nínú mọ́tò rí ṣáájú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi gba ògo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù October ti ọdún kannáà, ó padà wá láti gbà á padà. Táyà bẹ́, ọkọ̀ dojúdé, ó sì kú. Li ọdún 1930, nínú eré ọlọ́jọ́ méjì náà, ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, ènìà méjì kú, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì farapa. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó kú síbẹ̀. Bí etí ọ̀nà ti ga tó, àti bí ó ti fẹ̀ tó, kò lè dá ikú dúró.

Ní ti àwọn obìnrin, ìtàn wọn níbẹ̀ jẹ́ ìtàn sùúrù. Li ọdún 1908 a ṣe eré kan fún wọn, Muriel Thompson sì gbégbá orókè. Li ẹ̀hìn náà a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbàtí ó di ọdún 1935, Kay Petre, obìnrin kúkúrú tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, sá eré tí ó lé ní máìlì 134 ní wákàtí kan. Láàrin ọ̀sẹ̀ kannáà Gwenda Hawkes kọjá rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó fẹ́rẹ̀ tó 136. Ohun tí ẹnu kò lè fi jiyàn, táyà fi jiyàn rẹ̀.

A dé ibi tí ìtàn náà gbé yí padà. Láàrin òrùka ọ̀nà náà, ilẹ̀ tẹ́jú wà tí a kò lò fún nkan kan. Láti ọdún 1907 sí 1908, A. V. Roe kọ́ ahéré kan síbẹ̀, ó sì ńdán ọkọ̀ òfurufú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wò. Àwọn tí ńṣàkóso ọ̀nà náà kò fi ojú rere wò ó. Nwọ́n ní kí ó kó ahéré rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbàtí ìṣàkóso bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, a pe àwọn afòfurufú padà. Li ọdún 1910, Hilda Hewlett, ọmọbìnrin àlùfáà kan, àti Gustave Blondeau, ará Faransé, dá ilé-ẹ̀kọ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ níbẹ̀. Li ọdún 1911 Hilda di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ìwé-ẹ̀rí láti wa ọkọ̀ òfurufú.

Nígbàtí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ li ọdún 1914, àwọn ọmọ-ogun gba Brooklands, eré-ìje sì dúró. Li ọdún 1915 ilé-iṣẹ́ Vickers bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ òfurufú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Àgbẹ̀dẹ yìí ni ọkọ̀ Vimy ti jáde, èyítí Alcock àti Brown fi ré kọjá òkun Àtìláńtíìkì láìdúró li oṣù June ọdún 1919, láti Newfoundland dé ilẹ̀ Ireland, láàrin bí wákàtí 16. Brooklands ni Alcock fúnra rẹ̀ ti kọ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú.

Li ọdún 1920 eré-ìje tún bẹ̀rẹ̀. Li ọdún 1926 a sá Grand Prix àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Li ọdún náà gan-an ni Hugh Locke King kú. Ní ọjọ́ 7 oṣù October, ọdún 1935, John Cobb yí ọ̀nà náà po pẹ̀lú eré tí ó lé ní máìlì 143 ní wákàtí kan. Kò sí ẹnití ó sá jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ títí òpin fi dé. Ẹ kíyèsí i pé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú li ó wà nínú mọ́tò rẹ̀. Kò tó oṣù kan li ẹ̀hìn èyí, ní ọjọ́ 6 oṣù November, ọkọ̀ ogun tí a ńpè ní Hurricane kọ́kọ́ gbéra láti inú ọgbà kannáà. Àwọn òǹwòran tí ó pa àtẹ́wọ́ fún Cobb kò mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ni yóò dúró láàrin wọn àti ọ̀tá li ọdún 1940.

Ní ọjọ́ 7 oṣù August, ọdún 1939, a sá eré-ìje tí ó kẹ́hìn. Ogun dé ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Nwọ́n gbin igi sí orí kọnkéré náà kí àwọn ọ̀tá má bà lè rí i láti òkè, ṣùgbọ́n nwọ́n rí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù September, ọdún 1940, li ọ̀sán gangan, bọ́m̀bù bọ́ sí orí ilé-iṣẹ́ Vickers. Òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 80 kú, àwọn tí ó sì farapa lé ní 400. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò dúró. Ọkọ̀ Wellington tí ó lé ní 2,500 li ó ti ibẹ̀ jáde kí ogun tó parí. Ṣùgbọ́n nwọ́n ti la etí ọ̀nà náà já kí ọkọ̀ lè máa wọlé sí ilé-iṣẹ́. Òrùka ti gé. Li ọdún 1946 a ta gbogbo rẹ̀ fún Vickers ní £330,000, ìrètí àwọn tí ó fẹ́ràn eré-ìje sì pin.

Nísisìyí ìtàn náà ńbọ̀ wá sí ilé wa. Níbẹ̀, láàrin òrùka tí ó ti gé, ni a ti ṣe ọkọ̀ òfurufú tí a ńpè ní VC10, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 29 oṣù June, ọdún 1962. A dìídì ṣe é kí ó lè gbéra ní irú pápá tí ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, níbití ooru gbé mú tàbí tí ilẹ̀ gbé ga. Nígbàtí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígbé èrò ní oṣù April ọdún 1964, láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí kò wọ ọjà kankan ṣe wọ Èkó. Ní ọjọ́ 20 oṣù November, ọdún 1969, VC10 ti ilé-iṣẹ́ Nigeria Airways tí ó ńti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ já lulẹ̀ nígbàtí ó kù díẹ̀ kí ó balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ènìà 87 li ó wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan kò yè. Ọ̀nà kannáà tí ó mú ọmọ wá sí ilé fún ìyá kan li ó sọ ìyá mìíràn di ẹnití ńṣọ̀fọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà kógbá sílé ní ìparí àwọn ọdún 1980. Li ọdún 1991 a ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí Brooklands, níbití mọ́tò Cobb wà, àti ọkọ̀ Wellington kan tí a fà yọ láti ìsàlẹ̀ adágún omi li ọdún 1985. Apá kan nínú kọnkéré gíga náà ṣì dúró, ewé hó sí pàlàpálá rẹ̀, òfin sì dá ààbò bò ó.

Ẹnyin ará, a ti ṣe ìṣirò náà dé ibi tí ó yẹ. Ẹnití ó ná owó kò jèrè rẹ̀. Ẹnití a lé jáde pẹ̀lú ahéré rẹ̀ ni ẹni ìṣáájú àwọn tí ó sọ ibẹ̀ di olókìkí. Ohun tí a kọ́ fún fàájì wá di odi fún orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ ìpọ́njú. A kò wí pé èyí pa ẹ̀jẹ̀ Lambert rẹ́, tàbí ti àwọn tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ wọn. A kì í fi èrè ẹnìkan san gbèsè ikú ẹlòmíràn. Ohun tí a lè wí ni pé kò sí ẹnití ó lè mọ, li ọjọ́ tí ó fi ìpìlẹ̀ lé ilẹ̀, gbogbo ohun tí a ó kọ́ sí orí rẹ̀. Nítorínáà kí a máa ṣọ́ra bí a ti ńlé ìpìlẹ̀.

Ohun kan kù tí a fẹ́ fi sí etí ẹnyin tí ẹ ńwa mọ́tò, àti ẹnyin tí ẹ ńgbà wọ́n láti wà. Locke King mọ̀ pé eré-sísá ní ibi tí ó yẹ ẹ́. Ó ná gbogbo ohun tí ó ní kí ó lè yọ ọ́ kúrò ní títì gbogbo ènìà, ó mọ etí gíga sí i, ó sì fẹ ojú ọ̀nà rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Síbẹ̀ àwọn tí ó mọ ọkọ̀ wà jù kú níbẹ̀. Títì tiwa kò dagun ní kọ́nà, kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Aláàárù ńbẹ li orí rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ńbẹ li etí rẹ̀, ìyá ọlọ́jà ńkọjá pẹ̀lú igbá li orí. Bí ẹsẹ̀ nyín bá fẹ́ tẹ irin náà mọ́lẹ̀, ẹ rántí àwọn wọ̀nyí, kí ẹ sì rọra.